Tinubu Sọ̀rọ̀, Atiku Fèsì: Kí Ni Tiwa Ní Dutsen Kura?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti wà nínú mi láti ọdún 2024. Mo rò pé ìgbà yóò bá mi gbàgbé rẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìdìbò 2027 ti gba ẹnu kan, ìbéèrè tí wọ́n bi mí nígbà náà ni wọ́n sì tún ń bi mí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sannde, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, aago méje àárọ̀ ni Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe ìwọ́de kiri Nàìjíríà nítorí ebi àti ọ̀wọ́n gógó. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mai shayi kan ládùúgbò wa ní Dutsen Kura, ó yí rédíò rẹ̀ sókè, gbogbo wa dákẹ́. Gwari wà níbẹ̀, Tápà wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, èmi nìkan ni Yorùbá. Bí Ààrẹ ṣe sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó wo rédíò mọ́, èmi ni gbogbo wọn kọjú sí. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí a ti jọ ń gbé ládùúgbò ó ti pẹ́, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bayarabe, ọmọ yín ti sọ̀rọ̀ o. Kí lẹ wí?"

Ẹ̀fẹ̀ ni, mo mọ̀. Àmọ́ inú ẹ̀fẹ̀ la ti máa ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Ẹ̀yin tó ń gbé ní Bosso, ní Tunga, ní Kpakungu, ó dá mi lójú pé wọ́n ti bi yín bẹ́ẹ̀ rí, nínú ọjà, nínú kẹ̀kẹ́ Napep, níbi iṣẹ́. Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fọ̀ ló ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà Ààrẹ bí ẹni pé àwọn ni agbẹnusọ Aso Rock. Àwọn mìíràn á tẹrí ba, ojú á máa tì wọ́n bí ẹni tó jalè. Àwọn kan á sì bú Ààrẹ ju bí ọ̀rọ̀ ṣe mọ lọ, kí aládùúgbò lè mọ̀ pé àwọn kò bá a tan. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́. Ààrẹ ní òun ti gbọ́ igbe àwọn ọ̀dọ́, ó ní kí wọ́n dá ìwọ́de dúró kí àwọn jọ jókòó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Ó ní owó tó wọlé fún ìjọba láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2024 lé ní tírílíọ̀nù 9.1 náírà, ó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní nínú 100 náírà tó ń wọlé, 97 ló ń bá gbèsè lọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti di 68. Ó ní owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ti kúrò ní 30,000 náírà, ó ti di 70,000. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti fún ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì ní bílíọ̀nù 570 náírà kí wọ́n fi ran ará ìlú lọ́wọ́. Ó ní àwọn oníṣòwò kéékèèké 600,000 ti gba owó ìrànwọ́, 400,000 mìíràn sì ń bọ̀ lọ́nà. Ó tún ní òun ti yọ owó ibodè kúrò lórí ìrẹsì, àlìkámà, àgbàdo, ọkà bàbà àti oògùn fún oṣù mẹ́fà.

Kò pẹ́ tí Atiku Abubakar fi fèsì, ẹni tó bá a du ipò náà lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP lọ́dún 2023. Kókó èsì rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Ààrẹ kò kan ìyà ojú ẹsẹ̀ tó ń jẹ àwọn ìdílé láti ìgbà tí ìjọba yìí ti dé. Bí mo bá ní irọ́ ló pa, èmi gan-an ni mo purọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Obìnrin tó ń wá ohun tí yóò sè lálẹ́ kò lè da tírílíọ̀nù sínú ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi Atiku náà ní tirẹ̀. Kí ìdìbò 2023 tó wáyé, Tinubu sọ pé òun yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, Atiku sọ bẹ́ẹ̀, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìjọba Buhari pàápàá, ìparí oṣù kẹfà ọdún 2023 ni owó ìrànwọ́ náà dé nínú ètò ìnáwó tó ṣe kó tó lọ. Ẹni yòówù kó wọlé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a máa sunkún epo náà ni. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2024, Atiku jáde, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni òun ì bá yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ó yẹ ká gbọ́ ọ. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ yẹn, èló ni lóṣù? Ọdún mélòó ni yóò gbà? Kí ni ìyá onígàrí yóò rí gbà kí owó ọkọ̀ tó gòkè? Alátakò tó bá fẹ́ ká gba òun gbọ́ gbọ́dọ̀ sọ iye fún wa, bí a ṣe ń bi ìjọba pé kó sọ iye.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo rántí ọdún 2012. Lọ́jọ́ kìíní ọdún náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́, lítà epo kan kúrò ní 65 náírà, ó di 141. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ìlú dúró gbagidi. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kìíní, Jonathan bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó dá owó náà padà sí 97. Ta ni alátakò nígbà náà? Tinubu ni, aṣáájú ẹgbẹ́ ACN. Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn jáde pé Jonathan ti da àdéhùn tó wà láàárín ìjọba àti ará ìlú. Ọdún kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lórí pápá Eagle Square, lọ́jọ́ tó gbàjọba gan-an, òun náà ló sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ.

Mi ò sọ èyí láti fi bú u. Ó lè jẹ́ pé àpò ìjọba ọdún 2023 kò rí bíi ti 2012. Ohun tí mò ń sọ ni pé àga ló ń yí ohùn padà. Ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ á ní ká ṣe sùúrù. Ẹni tó wà níta á ní ìyà ń jẹ ará ìlú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ àyè, wọ́n á pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Àwa tí à ń gbọ́ nìkan ni a kò kúrò níbi tí a wà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí "ọmọ yín" tí ọ̀rẹ́ mi sọ. Nínú ìdìbò oṣù kejì ọdún 2023, Ìpínlẹ̀ Niger tí à ń gbé yìí fún Tinubu ní ìbò 375,183, wọ́n fún Atiku ní 284,898. Tinubu ló wọlé níhìn-ín. Ní Ọ̀ṣun, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, Atiku ló wọlé: 354,366, Tinubu ní 343,945. Ní Èkó, níbi tí Tinubu ti ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ, Obi ló wọlé: 582,454, Tinubu ní 572,606. Lóòótọ́, ó wọlé ní Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì. Àmọ́ bí a bá ń wá àwọn òbí Ààrẹ yìí kiri, Minna wà nínú wọn ju Òṣogbo lọ! Àwọn Tápà, Gwari àti Hausa ìpínlẹ̀ yìí ló dìbò fún un, kì í ṣe Yorùbá mẹ́ta tó wà lójúlé wọn ló fi ìbò ṣe é fún wọn.

Mo mọ òwe tí àwọn kan nínú wa yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe gidi ni. Àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà sọ, kò sọ ìṣirò. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i bí ó bá wù yín, ẹ dìbò fún un bí ó bá wù yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Èyí kò ní ká má béèrè bó ṣe ná owó.

Nítorí ebi tó ń pa wá níhìn-ín kò ní èdè. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2024, oṣù mẹ́fà kí ìwọ́de oṣù kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin jáde ní Kpakungu, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé wọn, wọ́n dí ọ̀nà Minna sí Bida, wọ́n ní oúnjẹ ti wọ́n jù. Inú oṣù yẹn náà ni Gómìnà Mohammed Umar Bago kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa ra oúnjẹ lọ́pọ̀ yanturu mọ́ nínú àwọn ọjà ìgbèríko ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ̀yin oníṣòwò wa tó ń kó iṣu àti ìrẹsì lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ẹ kò lè gbàgbé oṣù yẹn. Ìpínlẹ̀ tó ń bọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ni ebi ti ń pa àwọn obìnrin débi pé wọ́n jókòó sójú títì.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ Ààrẹ lọ́jọ́ yẹn tí mi ò gbàgbé. Nígbà tó ń kẹ́dùn àwọn tó kú nínú ìwọ́de, ó dárúkọ Borno, Jigawa, Kano àti Kaduna, ó wá ní "àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn". Inú "mìíràn" yẹn la wà. Nígbà tí àjọ Amnesty International gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ní ó kéré tán èèyàn 24 ni àwọn ọlọ́pàá pa, Ìpínlẹ̀ Niger sì wà nínú àwọn ibi tó dárúkọ. Àwọn ọlọ́pàá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí kan ò gbọdọ̀ bọ́ sínú "mìíràn" kí a má béèrè rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìbáà jẹ́ ọmọ Gwari.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ti Dikko ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, tánkà epo dojú dé ní Dikko, nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà, lójú ọ̀nà Abuja sí Kaduna. Àwọn èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì lọ láti bu epo, iná sọ, ó lé ní 80 èèyàn tó kú. Epo tí kò tó 200 náírà kí ọ̀rọ̀ Eagle Square tó wáyé ti kọjá 1,000 ní Abuja nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Mi ò sọ pé ó dáa kí èèyàn lọ bu epo nídìí tánkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Àmọ́ kì í ṣe àìgbọ́n nìkan ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì lé èèyàn lọ́wọ́.

Kí ni ká wá ṣe? Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà, ó ń fi múdù wọ̀n ọ́n, ohun tí àwọn ará ilé ń pè ní kóńgò. Ó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, ṣé ó yẹ kó kọ orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ báyìí? Ó ní, "Bàbá, bí n kò bá kọ ọ́, màá gbàgbé. Bí mo bá gbàgbé, á dìjà. Ìwé yìí ni kò jẹ́ ká jà."

Irú ìwé yẹn ni mo ní ká ní, kí a kọ ìjọba sójú ewé kan, kí a kọ alátakò sójú ewé kejì.

Lójú ewé ìjọba, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2023 sí i, nígbà tí Ààrẹ kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìyà tí yíyọ owó epo fà. Ó ní nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, oníṣòwò kéékèèké 1,300 ni yóò gba 50,000 náírà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Chanchaga àti Bosso ló pín Minna. Èèyàn 2,600 nìyẹn, mílíọ̀nù 130 náírà. Ta ni wọ́n? Ó ní bọ́ọ̀sì 3,000 tó ń lo gáàsì yóò dé kí oṣù kẹta ọdún 2024 tó parí. Mélòó ló dé Minna? Ẹ kọ bílíọ̀nù 570 sí i. Gómìnà Ọ̀yọ́, Seyi Makinde, ní owó yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn tuntun, ó ní owó ètò NG-CARES tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni, tí àwọn ìpínlẹ̀ ti kọ́kọ́ ná tiwọn sí. Èwo ni òótọ́, èló ni Ìpínlẹ̀ Niger sì gbà nínú rẹ̀? Gómìnà wa ló yẹ kó dá wa lóhùn ìyẹn, kì í ṣe Aso Rock. Ẹ kọ owó ibodè tó yọ lórí ìrẹsì, ẹ béèrè bóyá ó dín owó múdù kan kù. Ẹ sì rántí pé lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Alága ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ìbéèrè láti dáhùn.

Ìwé tó péye a máa kọ ẹni tó san pẹ̀lú. Lọ́dún 2025, owó àgbàdo àti ìrẹsì já wálẹ̀ díẹ̀, débi pé àwọn àgbẹ̀ ń kígbe pé fẹ́tílísà wọ́n, èrè kò sì sí. Ẹ kọ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ ní èyí tó burú jù ti kọjá, ó ní ọ̀wọ́n gógó ti lọ sílẹ̀ sí 20.12 nínú 100. Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí ohun tí ojú ará ìlú ń rí. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ níbẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó tó lọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọjà ti rọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọjà ṣì ń gòkè, àmọ́ kò sáré bíi tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ rà ní 1,000 náírà lọ́dún tó kọjá, tó di 1,200 lọ́dún yìí, 20 nínú 100 nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, wọ́n sì tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìṣirò náà padà. Nítorí náà, ìjọba kò purọ́ tó bí alátakò ṣe wí, ọjà kò sì rọ̀ tó bí ìjọba ṣe wí.

Lójú ewé alátakò, ẹ kọ díẹ̀díẹ̀ Atiku sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún iye. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín ní Dutsen Kura, ẹ ṣí ìwé náà fún un.

Ẹ ó fẹ́ mọ èsì tí mo fún ọ̀rẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì mai shayi. Mo ní, "Mallam, kì í ṣe ọmọ mi o. Òṣìṣẹ́ èmi pẹ̀lú rẹ ni. Ó ní òun ti fún èèyàn 600,000 lówó. Ṣé ìwọ mọ ẹnì kan nínú wọn?" Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní èmi náà ò mọ̀. Mai shayi dá sí i, ó ní níbo ni wọ́n tiẹ̀ ti ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo wa. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí láti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó náà, àwa tí à ń pariwo kò fi ẹsẹ̀ wa wádìí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi kò pè é ní ọmọ mi mọ́. Bí ìròyìn bá jáde, ohun tó ń bi mí báyìí ni pé, "Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa gbogbo ní Minna, nígbà tí ẹ bá tún ń ṣèpàdé, ẹ jẹ́ ká dín àṣọ ẹbí àti ìnáwó kù lórí ohun tí à ń jíròrò. Ẹ pe alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ pe àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Gwari àti Tápà, kí a jọ jókòó bi í ní iye. Bí Yorùbá nìkan bá béèrè, wọ́n á ní àlejò ń ṣe àṣejù. Bí onílé nìkan bá béèrè, wọ́n á ní ọ̀tá Ààrẹ ni. Bí a bá jọ béèrè, wọ́n á dá wa lóhùn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ogun ebi, kò sì ní jẹ́ kí òṣèlú da àwa àti àwọn tí a jọ ń gbé rú. Ó dìgbà kan ná.